Bí Mo Ṣe Di Adití Nínú Ilé Ẹ̀gbọ́n Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Ohunkóhun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí sí rere, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lọ́nà. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Tíṣà wa ní kíláàsì àgbà ní kí n máa sinmi níbi tí àmì ìdánudúró bá wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kò jẹ́ kí n sinmi.

O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ káfíńtà gbé máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ síta kí pákó rẹ̀ lè ráyè, òjò pa á, ó sì dípẹtà. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ni wọ́n ń rán. Ìyàwó á wà níwájú ọkọ rẹ̀ gan-an, ọkọ á ní Màmá, ẹ bá mi sọ fún un pé ebi ń pa mí. Ìyàwó á ní Màmá, ẹ sọ fún un pé kí ó lọ jẹ pákó rẹ̀. Bí wọ́n bá sì rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, mo máa ń bu oyin díẹ̀ sí i kí n tó jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ náà tilẹ̀ wù mí, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti nílò mi tó bẹ́ẹ̀. Àfi bí ìyàwó ṣe di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ní òun àti àwọn ọmọ ń lọ.

Ni nọ́ọ̀sì tí o kọ́ ní iṣẹ́ ìwòsàn ìdílé, èyí tí wọ́n fi ń tún ilé tó ń dàrú ṣe, bá ní kí gbogbo wa wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Mo fọ ìgò kan dání tí wọn á rọ oògùn sí. Ó ní kò sí oògùn, ọ̀rọ̀ la máa sọ. Mo ní ọ̀rọ̀ kẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó kún ilé wa dé òrùlé, ṣé ó tún yẹ ká wá tọrọ sí i ni? Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní á gba ohùn wa sílẹ̀, ibẹ̀ ni ó máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ ní yunifásítì fún ìwádìí tí o ń ṣe. Mo kí ọ, mo dákẹ́ kí o lè dáhùn, o ò dáhùn. Mo ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀, bóyá o ń jẹun.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní tí a bá délé kí n dití. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri, wọn ò ní wojú ara wọn, pé ohun tí ẹ rí nínú ìwádìí yín nìyẹn. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹrù tí ìyàwó dì. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ìgbà mélòó ni n máa dití lójúmọ́, ṣé ṣáájú oúnjẹ ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bí a ṣe délé, ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí pé kí n bá òun sọ fún un, mo ń wo òrùlé. Ìyàwó pè mí, mo ń ka ìwé kíláàsì mi sókè. Nígbà tó sú ẹ̀gbọ́n rẹ, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní ìyá yìí mà ti dití o! Ìyàwó ní òun náà ti rí i, ṣé kí àwọn gbé mi padà sílé ìwòsàn ni? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bára wọn sọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n jà dáadáa, ojú kojú, ẹkún ṣáájú, ẹ̀rín tẹ̀lé e. Ìyàwó ti tú ẹrù, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti gbé pákó síta, máṣíìnì ti padà sínú ilé.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gba yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn náà, wọ́n fẹ́ kó táyà ògbólógbòó sí i. Èmi àti nọ́ọ̀sì lọ bá alága. Mo bèèrè ìwé ìwádìí tí o fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó wà lóòótọ́, òun ni wọ́n fi gbé fèrèsé ró kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Mo ṣí i, mo wá orúkọ wa títí, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì ní ìdílé kẹrìnlá ni o pè wá. Ọmọ mi, kẹrìnlá! Àwọn wo ló mọ ìjà jà jù wá lọ?

Alága ní kí akọ̀wé bá òun sọ fún nọ́ọ̀sì pé yàrá tí wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì, tí kò jìnnà sí i ju tábìlì kan lọ, ní kí akọ̀wé bá òun sọ fún alága pé kí ó wá wò ó. Mo wo akọ̀wé, mo ní ọmọ mi, dití. Ó sì dití lóòótọ́! Ni àwọn méjèèjì bá di ẹni tó ń bára wọn sọ̀rọ̀. Alága ní kò sẹ́ni tó tíì fi ẹnu ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún òun rí. Ó ní òun á dúró di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, tí ìgbìmọ̀ máa jókòó, bí ẹni tó ṣe ìwádìí náà bá lè yọjú. Bí o kò bá wá, táyà ló nilé.

Nítorí náà, wá. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sí nínú ìwé tó ń gbé fèrèsé ró. Mo nílò owó àga fún yàrá náà, torí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ ń mú kí tọkọtaya jọ kọjú sí ògiri, mo sì nílò owó awò ojú. Má fi owó náà sínú fóònù o, báńkì inú fóònù yẹn ò jẹ́ kí ìyá àti ọmọ ríra mọ́. Mú un wá fúnra rẹ. Bí ìpàdé bá parí, èmi àti ìwọ náà á jókòó sórí àga tuntun, màá bi ọ́ ìdí tí o kò fi wálé láti ọdún tó kọjá. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni bi ọ́.

Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ, á fún ọ ní ẹnu tí alága ń gbọ́, àlọ rẹ á dára, àbọ̀ rẹ á sunwọ̀n.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí rẹ.