Ọjọ́ Tí Ọkọ Yín Kò Fò

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Pápákọ̀ Òfurufú.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi èyí àbúrò sílẹ̀? Ẹ̀yìn tó ń ro yín ńkọ́? Ara tèmi le, iṣẹ́ nìkan ló pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Mi ò pè yín torí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń há mi lọ́fun lórí fóònù. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù òní ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Mo rí tiyín gbà. Ẹ ní ẹ pe ilé àwọn awakọ̀ bàálù lọ́jọ́ Àìkú, ẹnìkan sì dá yín lóhùn pé, "Kò fò lónìí o, ó wà nílé." Ẹ wá ní bí ọkọ yín kò bá fò, tí kò sì wálé, a jẹ́ pé obìnrin kan ló ń gbọ́únjẹ fún un. Ẹ ní bí ẹ kò bá rí i títí Sátidé, ẹ ó kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ Màmá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi, èmi tí mò ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ọjọ́ tí awakọ̀ kò fò kọ́ ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó lọ́jọ́ tá à ń pè ní ìmúrasílẹ̀: á múra, á di báàgì, á jókòó ti fóònù, bóyá ara ẹlòmíì kò ní yá. Kò gbọdọ̀ kúrò nílùú; bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Àìkú yẹn rí fún ọkọ yín. Tẹ́lẹ̀, ìmúrasílẹ̀ kì í sábà kan ẹnìkan. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí bàálù wọn ń ré òkun kọjá ti fa àwọn awakọ̀ wa lọ, àwọn ọmọ tuntun kò sì tíì lè dá fò. Ọrùn àwọn tó kù ni gbogbo ẹrù wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọkọ yín ráyè. Mo rí i níbi tí wọ́n ti ń wọ bàálù tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, bàtà ọmọdé méjì tó jọra wà lábíyá rẹ̀. Bí ìjókòó bá ṣẹ́kù làwọn awakọ̀ wa máa ń bá a lọ sílé. Bàbá arúgbó kan tó sanwó ló sáré dé, ló bá gba èyí tó kù. Ẹni tó ń kó ẹrù ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa bàálù náà lẹ ò rí bàálù wọ̀?" Ọkọ yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀ títí a ò fi gbọ́ ìró bàálù náà mọ́.

Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀. Àná, mo lọ bá ọ̀gá wa obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ẹ-Tún-Un-Pè torí kì í jẹ́ kí awakọ̀ kankan sinmi. Mo ní, "Mà, bàálù ìrọ̀lẹ́ tó ń sùn nílùú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe jẹ́ kí ọkọ wọn máa wà á? Á sùn nílé ara rẹ̀, á gbé e padà láàárọ̀."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwọ náà lẹ́nu?"

Mo ní, "Tí ìyàwó ẹ̀ bá kó lọ, òun náà á wá ilé-iṣẹ́ mìíì lọ. Ta la máa wá tún pè, mà?"

Ó dìde lọ síbi pátákó tá à ń kọ iṣẹ́ sí. Ó nu orúkọ awakọ̀ kan tó jẹ́ àpọ́n kúrò lójú rẹ̀, ó kọ ti ọkọ yín sí Ọjọ́bọ̀. Àpọ́n náà ń kùn. Ẹ jẹ́ ó máa kùn.

Ọ̀la ló ń bọ̀ nìyẹn. Kí àwọn ọmọ tó jẹun àárọ̀ tán lọ́jọ́ kejì, á ti jáde. Mi ò ní tàn yín pé bẹ́ẹ̀ ni á máa rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ṣì ń bẹ ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbéèrè pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ awakọ̀ lẹ́nu nígbà ìsinmi rẹ̀. Èmi tí mò ń ṣọ́ òfin náà ti yọ̀ǹda fún àwọn ìbejì. Ẹ̀yin, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sùn.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ má sì sọ nǹkan kan fún wọn.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,
                                        Adákẹ́.