Ọmọrógùn tí Ayọ̀tọ̀míwá Pọ̀n

Adéṣẹwà, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ìwọ àti ọkọ rẹ ní Kánádà. Ara bàbá rẹ ti yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi náà ti wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ mi ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Mo fún un ní ọmọrógùn kó pọ̀n ọ́n bí ọmọ, mo sì ń fi eré sunkún bí ọmọ ọwọ́ tó pọ̀n náà. Ayọ̀tọ̀míwá tó pé ọdún mẹ́ta láìsọ̀rọ̀ bá ní, "Má sunkún."

Helen, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, wọlé bá wa. Ó kígbe: "Mọ́mì, ère ìbejì rèé! Lóṣù tó ń bọ̀, mo ń gbé ọmọ yìí lọ sórí òkè àdúrà."

"Ọmọrógùn ẹ̀bà ni, Helen. Wá gbóòórùn rẹ̀."

Kò gbà. Mo gba àdúrà gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù lè pa ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là yìí dé. Jọ̀ọ́, kí ọkọ rẹ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí Olúwa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé yín. Ẹ jẹ́ kí Ayọ̀tọ̀míwá dúró tì mí.

Ìyá rẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde.