Ẹ̀rí Tó Há Mi Lọ́fun

                                        Ojúlé Kọkànlá, Ọ̀nà Mọ́ṣáláṣí,
                                        Igbó-Elérin, Okokomaiko,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1991.

Ẹkúndayọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ǹjẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí nǹkan lè jẹ́rìí pé nǹkan náà wà? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti alẹ́ àná. Má bínú pé òun ló ṣáájú ìkíni. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orí tó ń fọ́ ọ ti dẹwọ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń tẹlẹ̀ dáadáa? Ara gbogbo wa le níbí, àfi ti bàbá mi.

O mọ̀ pé àwọn ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wa láti ìgbà tí àdúgbò yìí ṣì jẹ́ igbó. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbà mú wọn lápá ọ̀tún, ẹnu wọn sì wọ́. Ohùn tó máa ń jí gbogbo wa di ohùn tí à ń fetí sí ẹnu kí a tó gbọ́. Lálẹ́ àná, Lèmọ́mù àti àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá sílé. Wọ́n ní ilé wa ni oyè náà wà, pé èmi ni kí n pe ìrun àsùbáà òní. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì tó kù fún wọn di ọwọ́ mi mú, omi ń bọ́ lójú wọn. N kò lè sọ pé rárá. N kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìpè ìrun kì í ṣe orin, ọ̀rẹ́ mi. "Mo jẹ́rìí" wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Kùdírátù àbúrò mi ti rọbí ní Ìjanikin, tí gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣàdúà títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tó sì kú kí a tó ṣàmín tán, n kò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ bí mo bá forí kanlẹ̀. N kò sọ pé kò sí Ọlọ́run. Bí mo bá lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá rí oorun sùn. Mò ń wá a bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, tó ń yọjú sí àgbàlá kọ̀ọ̀kan. Mo ti ka Kùránì tí wọ́n tú sí Yorùbá, mo ti ka Bíbélì tí o fún mi. Mo tiẹ̀ jókòó sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Ìbà, wọ́n wọ́n omi sí mi lójú. Omi náà tutù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fáòsíátù ìyàwó mi jí, ó bá mi nídìí àtùpà. "Bàbá Ṣàkírù, ìwé kíkà yìí náà ni? Ṣé òun ni yóò kírun sí yín lára lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kú?" Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rín náà ti ń di ẹkún, ó jókòó tì mí.

Ìwọ tí o kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, báwo lo ṣe wí i fún àwọn òbí rẹ? Bí mo bá kọ̀, mo pa bàbá mi. Bí mo bá pè é, mo jẹ́rìí èké létí gbogbo àdúgbò. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Àkókò ti tó. Mò ń lọ ṣe àlùwàlá. N kò mọ ohun tí ẹnu mi yóò sọ.

Mo ti padà dé. Mo gbé ẹnu sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó kan ibi ẹ̀rí, ọ̀fun mi dí. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan láti ojú fèrèsé bàbá mi, tó kọjú sí ògiri mọ́ṣáláṣí. Ohùn náà wọ́, ó ń fà, wọ́n ń fi gbogbo agbára tó kù fún wọn pe ọ̀rọ̀ ẹ̀rí náà ní ìdajì-ìdajì. Mò ń tẹ̀ lé wọn bí ọmọ iléekéwú, títí mo fi pè é tán.

Àwọn èèyàn ń dì mọ́ mi, wọ́n ní ohùn bàbá mi ni mo jogún. Wọn kò parọ́. Ẹ̀rí bàbá mi ni mo jẹ́. Tèmi ṣì há mi lọ́fun. Lèmọ́mù ní kí n tún pè é lọ́la. Bí bàbá bá wá lọ tán ńkọ́, Ẹkúndayọ̀, ta ni n ó máa tẹ̀ lé?

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ìyá wa. Má jẹ́ kí èsì pẹ́. Ojúmọ́ ti mọ́. Mo ti fẹ́ àtùpà pa.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì ń wá,
                                        Yínúsà.