Káàdì Ńlá Tí Ínfátà Mi Kò Lè Gbé

Ẹ̀gbọ́n mi Muideen,

Ṣé dandan ni kí ènìyàn dúpẹ́ fún ẹ̀bùn tó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá kò wú mọ́. Kòkó wa ní oko Ìkòyí níbí so dáadáa.

Inú ń bí mi. Mo ṣàlàyé fún yín pé káàdì gíráfíìsì alábọ́dé, tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, ni kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù géèmù mi l'Ápòmù nílò, èyí tí kò wọ́n, tí kì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ ní, "Àbúrò tèmi kọ́ ló máa lo ohun yẹpẹrẹ!" Ẹ wá ra èyí tó tóbi jù. Bí géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ínfátà tó ń fún ṣọ́ọ̀bù ní iná á kú. Àwọn oníbàárà mi ti ń lọ sí Ìkirè, wọ́n á sì máa kí mi lọ́nà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá Inátilọ!"

Síbẹ̀, Màmá ní kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù, kí n dúpẹ́ lójú gbogbo ẹbí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Ta ni ẹ rà á fún gan-an?

Bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á pè mí ní aláìmoore. Nítorí náà, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún Màmá pé ẹ̀yin lẹ ní kí n pààrọ̀ rẹ̀ sí alábọ́dé. Kí Ọlọ́hun fi etí ìgbọ́ràn kún ọrọ̀ yín.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà.

Àbúrò yín, Hámzàt