Ẹni Tó Purọ́ Mọ́ Ọ Ló Wà Lẹ́yìn Gíláàsì Báyìí

Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ, olówó orí mi, inú sì ń bí mi bí ọjọ́ tí wọ́n wá sọ fún mi.

Ọmọbìnrin wa ti ga jù mí lọ. Òun ló ń dúró nídìí ẹ̀rọ ìlapákó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ báyìí, ọwọ́ òsì ló sì fi ń fa ayùn bíi tìrẹ. A ò yọ orúkọ rẹ kúrò lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ilé tí o ń kọ́ lọ́wọ́ ti parí. Yàrá tí o ní kí a yọ fèrèsé méjì sí, fèrèsé méjì náà ló ní. Ìwọ nìkan ni kò sí níbẹ̀!

Wọ́n ní àìsàn ló pa ọ́. Irọ́ ló pa ọ́! Ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ṣọ́ọ̀tì, ló wa ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, tó fi gbá olùkọ́ tó ń sọdá títì, tí ìyẹn sì kú. Òun kan náà ló dúró ní kóòtù tó búra pé ìwọ lo wà nídìí ọkọ̀. Ó ń wò ọ́ lójú kòrókòró!

Kò sí ọjọ́ ìbẹ̀wò tí n ò wá bá ọ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ìwọ lẹ́yìn gíláàsì, èmi níwájú, fóònù ara ògiri létí àwa méjèèjì. Mo máa ń ròyìn ilé fún ọ: àga tí a kàn jáde, ògiri tí a rẹ́, ẹni tó bímọ ládùúgbò, bí ọmọ wa ṣe lọ gé irun rẹ̀ láìbi mí. O máa ń rẹ́rìn-ín títí wọ́dà á fi yíjú wò wá. Nígbà tó yá, ikọ́ dé. Ọrùn ẹ̀wù rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù ọ́ lọ. Mo pariwo kí wọ́n gbé ọ lọ sí ọsibítù, wọ́dà ní, "Ìyá yìí, òtútù lásán ni." Òtútù!

Ọ̀rọ̀ tí o sọ gbẹ̀yìn nínú fóònù yẹn ni, "Fi Ṣọ́ọ̀tì sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Mo gbọ́, ọkọ mi. N ò gbà.

Ìyàwó tó ti kọ Ṣọ́ọ̀tì sílẹ̀ mọ òótọ́, ọkùnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún un. Mo lọ bá obìnrin náà nílé, ó tilẹ̀kùn. Mo lọ bá a níbi tó ti ń ránṣọ, ó ní kí n má yọ òun lẹ́nu mọ́. Mo tún lọ. Mo lọ títí ó fi ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, tó tẹ̀lé mi dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ jẹ́rìí. Inú ilẹ̀ lo ti wà nígbà tí kóòtù wẹ orúkọ rẹ mọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n gbé Ṣọ́ọ̀tì lọ.

Ẹnikẹ́ni kì í lọ wò ó. Èmi ni mò ń lọ! Nígbà àkọ́kọ́, ó rò pé mo wá dárí ji òun ni, ó sáré wá gbé fóònù. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún un, ìròyìn tó yẹ kí ìwọ gbọ́. Bí ọmọ rẹ ṣe ga tó. Bí ilé ṣe rí. Àga rẹ nídìí tábìlì, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Ó ń sunkún, mò ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Tí mo bá sì dìde, òun náà ló máa ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò tún wá, torí kò rí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀. Ohun tó ń mú mi padà lọ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Mo ní, "Lọ bẹ ọkọ mi tó o pa." Mo gbé fóònù kọ́.

Mo mọ̀ pé tó bá bẹ ìwọ, wàá ti dárí jì í kó tó sọ̀rọ̀ tán. Bí o ṣe rí nìyẹn, ìdí tí mo fi fẹ́ ọ nìyẹn. Bóyá inú ń bí ọ sí mi níbi tí o wà. Jẹ́ kó máa bí ọ. Àárò rẹ ń sọ mí, ọkọ mi! Ibùsùn yìí ti fẹ̀ jù fún èmi nìkan. Ìfẹ́ rẹ ò dín lọ́kàn mi, àní ó ń le sí i ni.

A ò gbàgbé rẹ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ mi bá ṣì lè gbé mi dé ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn, òun náà ò ní gbàgbé rẹ.

Ìyàwó rẹ