Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ìjọ́kà,
                                        Àkúrẹ́.
                                        Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kọkànlá, 2003.

Oyèlékè, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni ilé? Báwo ni Ìlọrin àti ọyẹ́ rẹ̀ tí í la ni létè? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò tíì sú u? Àwọn ìbejì, ṣé wọ́n ti rí ilé ẹ̀kọ́ gíga wọ̀? Ẹsẹ̀ Màmá tó ń dùn wọ́n nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ayọ̀, nítorí kò sí ayọ̀ níbi tó ti ń bọ̀. Ara wa le níhìn-ín. Ìyá Táíyé, ìyàwó mi, ń kí ọ. Àwọn ọmọ ń jẹ, wọ́n ń mu. Èmi nìkan ni mi ò lè sọ pé mo wà dáadáa.

Mo mọ̀ pé o ti ra tẹlifóònù alágbèéká. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí èèyàn ń sọ kí káàdì tó tán, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O kọ̀wé kí mi kú oríire ìwé tí mo gbé jáde. O ní o rí i lọ́wọ́ olùkọ́ kan nílùú yín, o sì fi mí yangàn pé ọ̀rẹ́ rẹ ló kọ ọ́. Oyèlékè, jọ̀ọ́, má fi mí yangàn mọ́.

Ìwọ náà rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. A wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó, a dé láti ìsinmi ọdún 1977, a bá ihò ìṣó lára gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn, a sì bá ibùsùn wa láìsí mátírẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ní olórin kan tó ń jẹ́ Dúrótoyè, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Àwọn Ìràwọ̀ Ọ̀sán, ló yá gbọ̀ngàn náà láti ká orin wọn sílẹ̀. Nígbà tí àwo náà, Kòkó Ti Pọ́n, jáde ní Kérésìmesì, à ń ṣe bí ẹni pé àwa la kọ ọ́, nítorí mátírẹ́ẹ̀sì wa ló wà níbẹ̀. Láti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wo ni kì í lò ó? Ó sì ní orin tó kẹ́yìn, Ọ̀nà Oda, èyí tí ọmọbìnrin kan kọ. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára páálí àwo náà. Ìwọ lo sọ pé ohùn náà dà bíi ti ẹni tó ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín. A jiyàn títí lórí ẹni tó lè jẹ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wá ìdí bí wọ́n ṣe ṣe àwo yẹn. Dúrótoyè ti kú kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí onílù rẹ̀, mo rí ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀. Àwọn ló sọ fún mi pé ariwo ọkọ̀ títì ni wọ́n fi mátírẹ́ẹ̀sì dí mọ́lẹ̀. Pé ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí ní ìsàlẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà, wọ́n fi wáyà gígùn fa iná gòkè. Pé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n yá. Pé bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí páànù, gbogbo wọn á jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi ká orin náà. Nígbà tó yá, Akínsànyà tó tẹ dùùrù náà, tó ti di arúgbó ní Oǹdó, dárúkọ ọmọbìnrin ọ̀hún fún mi. Sherifat, ọmọ Àkúrẹ́. Ó ní Oda ló ń gbé, lẹ́bàá Àkúrẹ́ níhìn-ín.

Mo bá a níbi tó ti ń yan gààrí. Ìyá ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sí ulé wa," bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń pè é. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó sọ igbá tó fi ń yan gààrí kalẹ̀. Ó ní Musulumi tó múná ni bàbá òun, kò sì fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun ń kọrin láàárín àwọn onígìtá. Òun parọ́ fún wọn pé òun ń lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí òun ní Oǹdó. Kì í ṣe pé ó kọrin kan lásán, Oyèlékè. Òun ló ronú gbé orin mẹ́ta kalẹ̀ nínú mẹ́jọ, Kòkó Ti Pọ́n fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wọlé, ó gbé ìwé ìkọ̀wé kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò, tí a fi gèlè wé. Orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì, ibi tó ti fagi lé ọ̀rọ̀, ibi tó ti tún un kọ. Lójú ewé kan, Dúrótoyè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Sherifat, orin yìí dára, má dúró."

Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Dúrótoyè kó má kọ orúkọ òun sára páálí nígbà tí bàbá òun wà láàyè. Dúrótoyè ṣèlérí pé bí bàbá bá kú, àwọn yóò tún páálí náà tẹ̀. Bàbá kú ní 1983. Kò sí ẹni tó tún nǹkan kan tẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Monílọ́lá rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí kí n tó kú." Monílọ́lá ni ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́.

Mo kọ ọ́ di orí kẹfà ìwé mi. Mi ò kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé mẹ́ta ló dá ìwé náà padà fún mi. Wọ́n ní ta ló fẹ́ ka ìtàn àwo àtijọ́. Ibẹ̀ ni Adébùsóyè, àkọ́bí Dúrótoyè, ti gbọ́ nípa rẹ̀, tó ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Alágbàká. Ó ní òun máa tẹ̀ ẹ́. Ó kà á, ó sì tún pè mí. Mo fi ọdún mẹ́wàá ju ọmọkùnrin náà lọ, síbẹ̀ "ẹ" ni mo ń pè é lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ pe bàbá mi lólè nínú sàréè ni?"

Mo ní, "Rárá o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ."

"Ẹ yọ orí kẹfà kúrò. Kí ẹ sì mú ìwé obìnrin yẹn wá, kí ó wà lọ́wọ́ ẹbí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gbé ẹrù yín."

Mo lè sọ fún ọ pé mo bá a jà. Mi ò bá a jà. Mo ń wo ọdún mẹ́sàn-án, mo ń wo orúkọ mi lẹ́yìn ìwé. Mo yọ orí kẹfà, mo fi gbólóhùn kan dípò rẹ̀: "Ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́ ló kọ orin ìkẹyìn." Mo gbé ìwé Sherifat lọ. Ìyá Táíyé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Táíyé, ohun ẹlòmíràn lẹ gbé dání yẹn o." Mo jágbe mọ́ ọn.

Mi ò pe Sherifat síbi tí a ti kó ìwé náà jáde. Rédíò ló pè é. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ní oṣù tó kọjá lọ. Mo gbójú sókè lórí pèpéle, mo rí i tó ń bọ̀, ó wọ léèsì àlàárì, ó lé tìróò, Monílọ́lá dì í lápá mú. Ìlà kejì ni wọ́n jókòó sí. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Monílọ́lá ra ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún padà sí iwájú. Ó ka gbólóhùn kan sí ìyá rẹ̀ létí, mo rí ibi tí ẹ̀rín náà ti kúrò lójú rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni atọ́kùn ètò fi Ọ̀nà Oda sí i. Ohùn yẹn kún gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ni ohùn wà lórí ìjókòó, ó di báàgì rẹ̀ mú.

Nígbà tí mo ń fọwọ́ sí ìwé fún àwọn tó rà á, wọ́n tò sórí ìlà bíi ti àwọn yòókù. Monílọ́lá gbé ìwé náà síwájú mi, kò kí mi. Mo bi ìyá pé kí ni kí n kọ síbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ fún ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́."

Oyèlékè, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń dúró. Mo kọ ọ́.

Monílọ́lá wá ní, "Ìwé màmá mi ńkọ́, sà?" Mo ní màá mú un wá. Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá Adébùsóyè, mo kúnlẹ̀ fún un, èmi Adélaní. Kò tilẹ̀ pariwo. Ó ní, "Mo ti jó o, Bọ̀ọ̀dá. Ọjọ́ tí ẹ mú un wá gan-an ni mo jó o."

Mo lọ sí Oda lẹ́ẹ̀mejì, Monílọ́lá kò jẹ́ kí n wọlé. Mo ti pinnu pé màá kọ ìwé mìíràn, màá fi gbogbo rẹ̀ hàn, bí Adébùsóyè fẹ́ kó pè mí lẹ́jọ́. Onílù kò rí Sherifat kọjá ọjọ́ kan, kò sì mọ ẹni tó ronú gbé orin kalẹ̀. Akínsànyà tó mọ̀ ọ́n kú ní oṣù kẹjọ. Kò sí ẹ̀rí kankan nílẹ̀ mọ́ àfi ẹnu Sherifat fúnra rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ ohun tí à á ṣe bí òtítọ́ bá kọ̀ tí kò rìn mọ́.

Níjẹta, mo tún lọ. Òun nìkan ló wà nílé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó gba ààwẹ̀, síbẹ̀ ó bu omi tútù fún mi, ó ní oòrùn mú. Ó béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́, mo sọ ohun gbogbo fún un, títí kan iná. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ sí rédíò, kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, pé òun ló kọ orin wọ̀nyẹn.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Orin wo, Tíṣà?"

Mo ní, "Ìyá, orin yín ni."

Ó ní, "Ẹ ti ṣì mí mú. Àgbẹ̀ ni mí. Mi ò kọrin rí." Ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀ títí mi ò mọ ohun tí mo tún ń dúró dè. Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé ojú títì, ó bá mi dá ọ̀kadà dúró, ó sì sọ fún un pé kó rọra gùn ún, pé Tíṣà lọ́mọ nílé. Ìbá ṣe pé ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Mi ò sọ fún ọ kí o lè tù mí nínú. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó lè sọ pé mo jẹ̀bi ti kọ̀ láti sọ ọ́, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí àwọn ìbejì. Sọ fún Màmá pé mi ò gbàgbé wọn, kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà. Bí o kò bá fẹ́ fèsì, yóò yé mi.

Ẹni tó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ rẹ,

Adélaní.