Ìwé Tí Mo Kọ fún Òrùlé Yàrá Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Bí o ti ń jáde lówùúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa wọlé láyọ̀. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ.

Àlàyé iṣẹ́ rẹ tí o ṣe fún mi lórí fóònù kò bọ́ sílẹ̀. O ní ẹ kì í fi ọwọ́ to àwọn kọ̀ǹpútà yín mọ́. Ohun tó yẹ kó wà ni ẹ ń kọ sínú ìwé, ẹ̀rọ á ka ìwé náà, á wo ohun tó wà nílẹ̀, á sì pèsè èyí tó kù. O ní ẹni tó bá fi ọwọ́ tún nǹkan ṣe lẹ́yìn ìwé ti da gbogbo rẹ̀ rú.

Nítorí náà, nígbà tí òrùlé yàrá ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, n kò pe káfíńtà. Mo mú ìwé tuntun, mo kọ ọ́ gaara: yàrá mẹ́ta, òrùlé tí kò jò, ìlẹ̀kùn méjì, bàbá kan, ìyá kan, ọmọ kan. Mo tì í mọ́ inú àpótí, nítorí o ní ènìyàn méjì kò gbọdọ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gbé fóònù lé àpótí kí ẹ̀rọ lè rí i kà.

Òjò mẹ́ta rọ̀. Ìyá rẹ gbé korobá sábẹ́ ihò, ó ní ṣé ìwé náà ni yóò gun àkàbà ni. Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Káfíńtà gbọ́, ó ní láti kékeré ni òun ti ń fi òòlù kan òrùlé, òun kò rí ẹni tó ń fi bírò kàn án rí.

Lánàá, mo ti oko dé, òrùlé kò jò mọ́. Mo ti ń yìn ọ́ láti òkèèrè kí n tó rí ìṣó méjì nílẹ̀, àti ìyá rẹ tí kò fẹ́ wo ojú mi. Kò burú. Mo ṣí àpótí, mo fi ìwé wé ilé: yàrá pé, òrùlé pé, ìlẹ̀kùn pé, bàbá àti ìyá wà níbẹ̀. Ọmọ nìkan ló wà nínú ìwé tí kò sí nílẹ̀. Ó di ọdún kẹta.

Jọ̀wọ́, fi owó káfíńtà ránṣẹ́, ìdajì ni ìyá rẹ rí san. Ṣùgbọ́n n kò ní pa ìlà tó kù yẹn rẹ́, o kò sì lè fi owó dí i. Máa bọ̀ fúnra rẹ, kí ìwé àti ilé lè bára mu. Olúwa yóò ṣọ́ ọ títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi kan ẹnu ọ̀nà wa.

Èmi bàbá rẹ, tó tún ti àpótí náà padà.